Àmánà Ni Oyè Olórí Òṣìṣẹ́ Ọba

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó mọ ohun tí a fi han ènìyàn àti ohun tí a fi pamọ́ sínú ọkàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún kí n tó kìlọ̀ fún yín: ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ òní dá lórí oyè kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí. A mọ orúkọ Ààrẹ, a sì mọ ti gómìnà. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ta ni Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọba ní Nàìjíríà, ìwọ̀nba ni ẹni tí yóò dáhùn pé Arábìnrin Didi Walson-Jack ni ó gba ipò náà ní oṣù August 2024. Mínísítà ń wá, mínísítà ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ni ó ń jókòó ti iṣẹ́ náà títí wọn yóò fi pé ọgọ́ta ọdún láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Olórí wọn sì ni ẹni tí a ń wí yìí.

Abala 171 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé Ààrẹ ni yóò yàn án. Ṣùgbọ́n kò fún Ààrẹ láyè láti mú ẹni tí ó bá ṣáà ti wù ú. Àárín àwọn akọ̀wé àgbà, tàbí àwọn tí ipò wọn bá tiwọn dọ́gba, nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ni yóò ti mú un. Níbí ni ìbéèrè wa ti jáde: ẹni tí olóṣèlú yàn, ta ni ó ń sìn? Ṣé ẹni tí ó yàn án ni, tàbí àwọn ará ìlú tí owó wọn ń bọ́ ọ?

Ẹ wo Ànábì Yusuf. Nínú Sura tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní āya 55, ó ní kí ọba Íjíbítì fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká ilẹ̀ náà. Ìdí méjì ni ó sọ: pé òun mọ ohun í ṣọ́, àti pé òun ní ìmọ̀. Kò ní nítorí pé ọmọ Ànábì ni òun. Ọba yẹn kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, síbẹ̀ ó sìn ín tọkàntọkàn, ó sì fi oúnjẹ ọdún ọ̀pọ̀ pamọ́ de ọdún ìyàn. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó ń ṣọ́ àká láìní ìmọ̀, ọkà yóò jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí kò mọ ohun í ṣọ́, olè tí ó kàwé ni.

Nílẹ̀ Yorùbá, Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1913, wà nípò yìí ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1962. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n Islām kò kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí òdodo fún ẹni tí ó bá ṣe dáadáa. Ó bá ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì bá ti Olóyè Akíntọ́lá ṣiṣẹ́. Ní 1962, ọdún tí ìjà àwọn méjèèjì fọ́ ẹgbẹ́ wọn, ni ìjọba àpapọ̀ rán Adébọ̀ lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní 1970, ìjọba ológun fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó yẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Síbẹ̀ ìjọba tí ó yàtọ̀ síra wọn ni ó fọkàn tán ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹnì kan lè wí pé ẹni tí ó ń sin gbogbo ọba kò ní ẹ̀rí ọkàn. Àwọn àgbà wa ti dáhùn: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ yóò kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Bí ọ̀gá bá yan ọ̀nà mìíràn tí òfin gbà, yóò ṣe é tọkàntọkàn. Bí ó bá jẹ́ olè ni wọ́n ní kó bá àwọn jà, kò ní fọwọ́ sí i. A kì í tẹ̀lé ẹ̀dá láti ṣẹ Ẹlẹ́dàá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ òótọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Ní 1975, ìjọba lé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ lẹ́nu iṣẹ́, a kò sì gbọ́ tẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1988, òfin tuntun so ipò akọ̀wé àgbà mọ́ ìjọba tí ó yàn án: bí ìjọba náà bá lọ, òun náà lọ. Wọ́n padà yí òfin yẹn dà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù lílé bá ti wọ̀ lára, ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ni yóò máa sọ.

Kí a má wulẹ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wá iṣẹ́. Mo wé láwàní mi, mo tọ ẹnì kan tí ó wà nípò ńlá ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan lọ, mo ní kí ó fi orúkọ ọmọ náà kún àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní: “Àfáà, ẹ foríjì mí. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ ti ṣe ìdánwò, iye tí a fẹ́ gbà sì ti pé. Ta ni kí n yọ?” Inú bí mi. Fún oṣù méjì, n kò dáhùn sàláámù rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo tún ka hádíìsì ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká, tí ó dé tí ó ń pín ẹrù sí méjì, pé apá kan jẹ́ ti ìjọ, pé wọ́n fi apá kejì ta òun lọ́rẹ. Ànábì gun orí mínbárì, ó sì béèrè bóyá ọrẹ náà ìbá dé ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀. Ojú tì mí. Láwàní tí a wé fún mi nítorí ẹ̀sìn ni mo fẹ́ fi gba àyè ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti lọ bẹ arákùnrin náà. Ṣùgbọ́n títí di òní, n kò tíì rí èsì fún ìbéèrè rẹ̀: ta ni kí n yọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ilémọ̀ná, bí Ọlọ́hun bá gbé ọmọ wa dé ipò gíga, yálà ní Ìlọrin tàbí ní Àbújá, ẹ má ṣe fi orúkọ ránṣẹ́ sí i. Àdúà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí fáìlì arúgbó kan wà lórí tábìlì yín, tí ó ń retí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, olórí òṣìṣẹ́ ni ẹ̀yin náà lórí tábìlì yẹn. Ọlọ́hun yóò bi olúkúlùkù nípa ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìlú ní ìmọ̀ àti ìṣọ́ra bíi ti Ànábì Yusuf. Kí Ó foríjì wá, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á jẹ́ ìdẹwò fún àwọn ọmọ wa tí ó fẹ́ ṣe òdodo. Àmín.