Ọmọlúàbí Lórí Kẹ̀kẹ́ Létí Òkun

Bí ènìyàn bá jáde kúrò ní Kútọ̀nú láti apá Fidjrossè, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ariwo ọjà àti èéfín ọ̀kadà, tí ó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, tí ó gba Togbin kọjá, tí Adounko àti Avlékété sì ti di ẹ̀yìn fún un, yóò dé etíkun Ouidah lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 40, tòun ti òkun ní ọwọ́ òsì rẹ̀, òkun alágbalúgbú omi, a-hó-má-sinmi, tí ọ̀sà sì dákẹ́ rọ́rọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ọgbà àgbọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyanrìn lásán ni ọ̀nà yìí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀dà sí i láti ìhà Kútọ̀nú. Síbẹ̀, iyanrìn kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gbé e padà wá sórí ọ̀dà bí ẹni pé ó fẹ́ gba ohun ìní rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni tọkọtaya ọmọ Yorùbá kan tí mo mọ̀, tí wọ́n ń ṣòwò ní Kútọ̀nú, gun kẹ̀kẹ́ gbà ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: wọ́n lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sùn ní Ouidah, wọ́n sì padà ní ọjọ́ Àìkú. Fàájì ni wọ́n bá lọ, fàájì kò sì ní ẹ̀bi nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún mi, tí ọkọ ń sọ tirẹ̀, tí aya sì ń fi tirẹ̀ kún un, mo rí i pé ìrìn ọjọ́ méjì yẹn ti fi ìwà wọn hàn ju ohun tí ọdún púpọ̀ nínú ilé lè fi hàn lọ, mo sì pinnu pé n óò gbé e yẹ̀ wò lórí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́.

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí ara ọkọ bá yá gágá tí ó sì rẹ aya tẹnutẹnu, eré kan náà ni àwọn méjèèjì ń sá. Ìjókòó ti so wọ́n pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn ì bá fẹ́ fi èkejì sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ méjì kò ní okùn láàárín. Olúkúlùkù ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa tirẹ̀, nítorí náà, bí wọ́n bá ń lọ pọ̀, ọkàn wọn ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti máa tún un fẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dálì. Èyí ni mo fi gbà pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun tí a lè fi dán ìwà tọkọtaya wò.

Afẹ́fẹ́ etíkun náà ni ó wá fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ó sábà máa ń fẹ́ wá, ẹni tí ó bá sì ń ti Kútọ̀nú lọ sí Ouidah, láti iwájú ní ọwọ́ òsì ni yóò ti máa gbá a lójú. Àwọn tí kẹ̀kẹ́ gígùn ti mọ́ lára mọ̀ pé ẹni tí ó ṣáájú ni ó ń la afẹ́fẹ́, àti pé ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, tí ó sì fì díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, yóò rí ààbò lẹ́yìn rẹ̀, agbára tí yóò ná yóò sì dín jọjọ. Ṣùgbọ́n ààbò náà kò gùn. Bí àlàfo àárín wọn bá ti ń fẹ̀, kò ní í pẹ́ tí afẹ́fẹ́ yóò fi padà pa pọ̀, ẹni ẹ̀yìn yóò sì di ẹni tí ń dá ìjà jà. Ibi iṣẹ́ ni iwájú jẹ́ nígbà náà, ẹni tí ó bá sì gbà á ti gba ẹrù lé orí: ó ní láti la afẹ́fẹ́, ó sì ní láti fi agbára ẹni ẹ̀yìn wọn eré tirẹ̀.

Ọkọ ni ó gba iwájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ó lágbára jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tí atẹ́gùn òkun kún inú rẹ̀, ó gbàgbé ohun tí ó gbé e dé iwájú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ ráúráú. Níbi tí iyanrìn ti bo ọ̀nà, ìṣó kan tí ó bọ́ lára pákó ọkọ̀ ojú omi gún táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ìyàwó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tú jáde sùùù. Pọ́ńpù, àlẹ̀mọ́ àti gọ́ọ̀mù, inú àpò ọkọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn, ríìmù ń rì, àwọn ọmọdé abúlé ń wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkọ fi máa bojú wẹ̀yìn, ó ti jókòó sí ìdí igbá alágbọn, ó ti mu omi àgbọn kan tán, ó sì ti ní kí wọ́n bẹ́ èkejì fún òun.

Ó sáré padà, ó lẹ táyà. Ìyàwó kò wí nǹkan kan lójú àwọn ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n tún gbéra, tí ó ku àwọn méjèèjì, ni ó tó sọ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìrìn yìí tiwa ni, ẹ máa wẹ̀yìn."

Ọkọ dáhùn pé, "Má bínú, Ìyá Ìbejì. Ẹjọ́ mi ni."

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kó pọ́ńpù sí àpò tí ó sì sá lọ dà bí ẹni tí ó so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ ìgbànú gba oko lọ, tí ará ilé wà níta nínú òjò. Kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n àìní ibi lọ́kàn kò gbẹ aṣọ tí ó ti tutù. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo sì gbọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń yin ìyàwó nítorí pé ó dákẹ́. Ohun tí èmi yìn ín fún ni pé ó sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ìwà ọmọlúàbí bí ìtẹríba ti wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé ìbínú mì lójú ọ̀nà, ilé ni yóò ti bì í. Ọkọ pẹ̀lú kò wá àwáwí. Ó gba ẹ̀bi láìfi afẹ́fẹ́ tàbí ìṣó ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní Avlékété, wọ́n bá àwọn apẹja lẹ́nu àwọ̀n fífà. Ọkọ̀ ojú omi ti gbé àwọ̀n náà lọ síbi tí ó jìn, ó yí i po, ó sì ti dá orí okùn méjèèjì padà sí etí omi. Ọ̀wọ́ ènìyàn méjì, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń fà á, wọ́n ń fi orin gbé ẹsẹ̀, wọ́n sì ń sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni. Àlejò púpọ̀ ni ó máa ń dé ibẹ̀ tí yóò yọ fóònù, tí yóò ya àwòrán òógùn ẹlòmíràn, tí yóò sì lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì yìí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," àgbàlagbà kan nínú wọn sì fi èdè Yorùbá dá wọn lóhùn, nítorí òwò ti mú kí èdè wa tàn dé ibẹ̀. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n di okùn mú, wọ́n bá wọn fà títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí àwọn apẹja fún wọn ní ẹja díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n sì bi àgbàlagbà náà bóyá àwọn lè ya àwòrán. Ó gbà. Kò sí àwòrán tí ó dùn ún wò tó èyí tí a gba àṣẹ yà.

Wọn kò wọ inú òkun o, nítorí ìṣàn abẹ́ omi ibẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ alágbára lọ. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin ń sẹ́ iyọ̀ láti inú ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà, wọ́n ń sè é lórí iná igi títí ojú wọn yóò fi pọ́n. Ìyàwó ra díẹ̀, ó sì san iye tí oníyọ̀ pè. Ìdúnàádúrà kò lẹ́gbin, àṣà wa ni, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí ó bá fàájì jáde máa bá ẹni tí èéfín ń fọ́ lójú fà á lórí sẹ́fà díẹ̀.

Ibi tí mo ti bọ̀wọ̀ fún wọn jù lọ ni etíkun Ouidah fúnra rẹ̀, níbi tí Ilẹ̀kùn Àlọ-ì-dé, tí wọ́n kọ́ ní 1995, dúró kọjú sí omi. Láti ibẹ̀ dé inú ìlú jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4, ọ̀nà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú àwọn ènìyàn gbà lọ sínú ọkọ̀ ni; ọmọ Yorùbá wà lára wọn, ọ̀pọ̀ ni a kó dé Bahia àti Kúbà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Bahia ní 1835, àwọn kan padà wá sí etíkun wa yìí, àwọn ni à ń pè ní Àgùdà ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́ àti ní Èkó títí di òní. Kò sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà náà. Síbẹ̀, tọkọtaya yìí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ wọn láti ibẹ̀ dé ìlú, bí ó tilẹ̀ ti rẹ̀ wọ́n. Ẹni tí a kọ́ nílé kì í dúró de òfin kí ó tó mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti rọra rìn.

Ní ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ bọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí kò ti sí afẹ́fẹ́ tí a óò là mọ́, kò sí ìdí tí ọkọ fi ní láti wà níwájú, ìyàwó ni ó sì ṣáájú dé Kútọ̀nú, òun ni ó ń dá eré. Ọlọ́kadà kan kígbe bú ọkọ lójú ọ̀nà pé obìnrin ti já a sílẹ̀. Kò dá a lóhùn. Lójú tèmi, ọkùnrin náà kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ jáde ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú táyà jáde díẹ̀ níbi tí iyanrìn bá ti pọ̀, ẹ fi omi tútù fọ iyọ̀ òkun kúrò lára ṣéènì ní alẹ́, kí ẹ sì ta epo sí i kí ó má baà dípẹtà. Ẹ kí àwọn apẹja. Pọ́ńpù àti àlẹ̀mọ́, ẹ kó wọn fún ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn.