Ẹni tí Ń Pàṣẹ Wà Lábẹ́ Àṣẹ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Deutarónómì 25:1-3, Lúùkù 7:1-10.



Balógun ọ̀rún tí ó ránṣẹ́ sí Olúwa wa ní Kápánáúmù nítorí ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tí ó yẹ kí a fi ọkàn rò. Kì í ṣe agbára rẹ̀ lórí àwọn ọmọ-ogun ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tí ó kọ́ sọ ni pé òun náà wà lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ó tó wí pé bí òun bá rán ènìyàn níṣẹ́, onítọ̀hún a lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ràn apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. A fẹ́ kí a máa pàṣẹ, kí àwọn ẹlòmíràn sì máa gbọ́. Apá èkínní ni ó ṣòro fún wa. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú ìtàn ẹgbẹ́-ogun orílẹ̀-èdè kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ wá síwájú yín lóṣù yìí, kí a lè kọ́ bí ó ti yẹ kí ẹni tí ń báni wí jẹ́ ẹni tí òfin ń bá wí pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1775, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìlú tí ó ń ṣe àkóso lé lórí ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn náà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde sójú ogun níhà Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹni tí ogun jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ alágbẹ̀dẹ, tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà, tàbí oníṣòwò. Ní ibi púpọ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yan balógun wọn láàárín aládùúgbò, nítorí náà ó ṣòro fún irú balógun bẹ́ẹ̀ láti bá ẹni tí ó yàn án wí. Nígbà tí George Washington gba ipò ọ̀gágun ní Cambridge ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún náà, ó bá àwọn onígboyà púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ẹgbẹ́-ogun tí ó wà létòlétò.

Ìgbìmọ̀ ńlá ilẹ̀ náà, tí a ń pè ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ti rí àìní yìí ṣáájú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1775 ni wọ́n fọwọ́ sí Òfin Ogun, tí ó ní ẹsẹ 69. Òfin náà rọ ìjòyè àti ọmọ-ogun láti máa lọ sí ìsìn Ọlọ́run déédéé. Ó sì bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá ń búra asán: ọmọ-ogun lásán yóò san ìdá kan nínú mẹ́fà dọ́là kan ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjòyè yóò san ṣílè 4, èyí tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: ẹni tí a gbé ga ni òfin gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a óò mú nínú òfin yìí àti nínú ohun tí ó tẹ̀lé e.

Èkínní: òfin tòótọ́ a máa fi òpin sí ọwọ́ ẹni tí ń nà. Ní ayé ìgbà náà, ilé-ẹjọ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì lè dá ọmọ-ogun lẹ́bi kí a nà án ní pàṣán 1,000. Ṣùgbọ́n Òfin Ogun ọdún 1775 wí pé nínàní ọmọ-ogun kò gbọdọ̀ ju pàṣán 39 lọ. Níbo ni a ti mọ iye yìí? Ẹ ṣí Deutarónómì orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, níbi tí Mósè ti pàṣẹ pé onídàájọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a nà ẹlẹ́bi kọjá ogójì, kí arákùnrin náà má baà di ẹni ẹ̀gàn lójú àwọn ará rẹ̀. Àwọn Júù a máa dín ọ̀kan kù nínú rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í kà. Ìgbà márùn-ún sì ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì gba irú nínà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìdí tí Mósè fi fúnni ní òpin yìí. Kò wí pé ẹlẹ́bi náà kò ṣẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé arákùnrin ni í ṣe síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ogun fi le, tí àwọn ọmọ-ogun sì ń sá lọ sílé, tí àwọn mìíràn ń kó ẹrù ará ìlú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1776, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin tuntun. John Adams àti Thomas Jefferson wà nínú àwọn tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tọ́ sí ikú pọ̀ sí i, pàṣán 39 sì di 100. Ní ọdún 1781, Washington fúnra rẹ̀ bẹ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pé kí wọ́n sọ ọ́ di 500, nítorí ó rò pé àlàfo láàárín pàṣán 100 àti ikú tóbi jù. Wọ́n kọ̀ fún un. Ọ̀gágun tí gbogbo ilẹ̀ ń bọlá fún, ẹni tí ìbọn gbogbo wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, béèrè ohun kan, a sì dá a lóhùn pé rárá, ó sì gbà. Níhìn-ín ni a rí ẹni tí a fi sábẹ́ àṣẹ.

Èkejì: òfin tòótọ́ a máa gbọ́ ẹjọ́ kí ó tó dá a. Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ìjòyè tí yóò jókòó ní ilé-ẹjọ́ ológun ńlá kò gbọdọ̀ dín ní 13, wọ́n sì gbọ́dọ̀ búra kí wọ́n tó jókòó. Nígbà tí ó bá di àkókò láti sọ èrò ọkàn wọn, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yìí! Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọdé wo ni yóò lè sọ òdìkejì rẹ̀? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ ọgbọ́n ọmọdé bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ àgbà dí i lẹ́nu. Òfin náà sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọ-ogun tí balógun rẹ̀ bá rẹ́ jẹ láti mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ju balógun náà lọ.

Òfin yìí kò sì ṣe ojúsàájú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1776, a so Thomas Hickey rọ̀ ní New York níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí ọ̀tẹ̀ àti nítorí ó bá ọ̀tá dìmọ̀lù. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Washington fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ogun Monmouth ní ọdún 1778, a mú Charles Lee, ọ̀gágun tí ipò rẹ̀ ga púpọ̀, wá sí ilé-ẹjọ́ ológun nítorí àìgbọràn àti àìbọ̀wọ̀ fún olórí rẹ̀, a sì yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 12.

Ẹ̀kẹta: òfin kò lè dúró níbi tí ẹni tí ń pàṣẹ kò ti ṣe ojúṣe tirẹ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún 1777 títí di oṣù kẹfà ọdún 1778, ẹgbẹ́-ogun náà pàgọ́ sí Valley Forge. Ẹni bí 12,000 ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ ibẹ̀. Àìsàn sì pa tó 2,000 nínú wọn. Bàtà kò sí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, oúnjẹ kò sì tó. Ní oṣù kejì ni ará Prussia kan dé, tí ń jẹ́ Baron von Steuben. Àwọn ìjòyè kan rò pé kíkọ́ ọmọ-ogun kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́lá, sájẹ́ǹtì ni kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n Steuben mú ìbọn lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì kọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí ó ṣe fún wọn ní ọdún 1779, ó kọ́ balógun pé ohun àkọ́kọ́ tí yóò lépa ni kí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀: kí ó ṣe inú rere sí wọn, kí ó gbọ́ ẹ̀dùn wọn, kí ó mọ orúkọ olúkúlùkù, kí ó sì máa bẹ àwọn aláìsàn wò.

Síbẹ̀, ìyà kò dópin. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1781, àwọn ọmọ-ogun Pennsylvania tí ó wà nítòsí Morristown dìde ní ọ̀tẹ̀. A kò san owó iṣẹ́ wọn. Aṣọ wọn ti gbó. Wọ́n sì wí pé ọdún 3 tí àwọn bá wọn pinnu ti pé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, wọ́n rán ẹni méjì láti fi owó fà wọ́n wá. Kí ni àwọn ọlọ́tẹ̀ wọ̀nyí ṣe? Wọ́n fa àwọn amí méjèèjì lé ìjọba wọn lọ́wọ́, a sì so wọ́n rọ̀. Nígbà tí a fẹ́ fi wúrà san án fún wọn, wọn kò gbà á. Ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ ní dandan. A bá wọn ṣe àdéhùn, a sì dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará New Jersey ṣe bákan náà nínú oṣù kan náà, Washington rán ogun yí ibùdó wọn ká. A yìnbọn pa méjì nínú aṣíwájú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ọ̀tẹ̀ ni a sì fi agbára mú láti yìn ín.

A kò wí pé ọ̀tẹ̀ dára. Ibùdó ogun tí olúkúlùkù ti ń ṣe bí ó ti wù ú kò lè pẹ́ tí yóò fi tú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó kọ́kọ́ ba májẹ̀mú jẹ́? Ilé-ẹjọ́ wà fún ọmọ-ogun tí ó kọ iṣẹ́. Kò sí ilé-ẹjọ́ fún àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Jákọ́bù kọ́ wa ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀ pé owó alágbàṣe tí a kò san ń ké, igbe náà sì dé etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun. Ẹjọ́ tí ayé kò gbọ́, ó ní Ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a yin àwọn ènìyàn wọ̀nyí ju bí ó ti yẹ lọ. Washington àti Jefferson ní ẹrú nínú oko wọn, àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó kọjá òkun àti àwọn ọmọ wọn. Ọmọ-ogun tí a rẹ́ jẹ ní ibi tí yóò kígbe lọ. Ẹrú tí olúwa rẹ̀ nà ní Virginia kò lè jẹ́rìí lòdì sí i ní ilé-ẹjọ́. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn kan, tí ó sì gbójú fo àwọn mìíràn, àbọ̀ òfin ni. Ọdún 1861 ni a tó fi òpin sí nínà ọmọ-ogun ní pàṣán nínú ẹgbẹ́-ogun ilẹ̀ náà. Ọdún 1865 ni a tó fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀, lẹ́yìn ogun ńlá mìíràn.

Ǹjẹ́ ẹ̀yin ará, kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá púpọ̀. Kò sí ẹni tí kò ní ibùdó tirẹ̀ kékeré: ilé, tàbí kíláàsì, tàbí ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ìgbìmọ̀ ìjọ. Ìwọ olùkọ́ tí ó mú pàṣán lọ́wọ́, ta ni ń ka iye rẹ̀ fún ọ? Bí inú rẹ bá ru, ṣé òpin kan wà tí ìwọ kì yóò kọjá, tàbí ìgbà tí apá bá rẹ̀ ọ́ ni ọmọ náà yóò tó bọ́? Ìwọ tí ń bá ọmọ wí nítorí ó pẹ́ dé, aago mélòó ni ìwọ fúnra rẹ dé? Bí ọmọ bá fẹ́ sọ tẹnu rẹ̀, má ṣe wí pé ó ń gbó ọ lẹ́nu. Jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì àwọn mìíràn sì ti rọ nítorí àìlò.

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀, nígbà tí ẹ̀sùn bá dé síwájú yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá àti baba tí ọmọ ẹlòmíràn ń sìn nínú ilé yín, ẹ rántí pé ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí láti gbà á sílẹ̀. Kí ẹ sì san owó kátíkíìsì àti ti olùkọ́ ní àkókò rẹ̀, kí ẹ tó béèrè ìdí tí ìtara wọn fi rọlẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù rò pé Washington yóò sọ ara rẹ̀ di ọba. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1783, ó dúró níwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní Annapolis, ó dá àṣẹ tí wọ́n fún un padà fún wọn, ó sì lọ sí ilé rẹ̀. Àṣẹ gbogbo tí a ní, yíyá ni a yá wa. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò dá a padà fún Ẹni tí ó ni ín, yóò sì béèrè bí a ti lò ó lórí àwọn kéékèèké rẹ̀.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí Ọmọ rẹ̀ gbọ́ràn títí dé orí igi àgbélébùú, kọ́ wa láti gba àṣẹ kí a tó pàṣẹ, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.