Ta Ni Ó Ni Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀?

Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa: nígbà tí ẹyin bá fọ́, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ẹni tí ó jù ú ni, tàbí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á? Bí mo bá sọ̀rọ̀, tí ẹnìkejì mi gbọ́ ọ sí ohun mìíràn, tí ìpalára sì ti ibẹ̀ wá, ṣé ohun tí mo wí ni a ó fi dá mi lẹ́jọ́, tàbí ohun tí ó gbọ́?

Ẹ̀ka kan wà nínú ìmọ̀ èdè tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìbéèrè yìí. A lè pè é ní ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ. Fún ìgbà pípẹ́, gbólóhùn ni òpin ohun tí onímọ̀ gírámà ń yẹ̀ wò. Yóò wá olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀. Bí ó bá ti rí wọn, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ní ọdún 1952, Zellig Harris, onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ tí ó fi pè wá pé kí a ré kọjá gbólóhùn. Nínú ìwé J. L. Austin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962 lẹ́yìn ikú rẹ̀, amòye ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí fi hàn pé kì í ṣe ìròyìn nìkan ni ọ̀rọ̀ ń ṣe. Ẹni tí ó bá ní, "Mo ṣe ìlérí," kò ròyìn ìlérí. Ó ti ṣe é. Ní 1975, John Sinclair àti Malcolm Coulthard yẹ ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú kíláàsì. Olùkọ́ a béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ a dáhùn, olùkọ́ a sì sọ bóyá ó gbà á. Olùkọ́ tí ó béèrè orúkọ olú ìlú Nàìjíríà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá bi wá ní ìbéèrè kan náà lójú títì, iṣẹ́ mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe.

Kò di inú kíláàsì kí a tó rí èyí. Bí ọkọ̀ èrò tí ó gbéra ní Mile 12 bá ń lọ sí Ìkòròdú, tí ó ń súnmọ́ ibùdókọ̀ tí a ń pè ní Agric, kọ̀ńdọ́ a ké pé, "Agric!" Èrò kan a dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ó wà o!" Lójú gírámà, orúkọ kan ṣoṣo ni ti àkọ́kọ́, orúkọ tí a gé kúrú láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, èkejì kò sì sọ ohun tí ó wà. Síbẹ̀, awakọ̀ ti mọ̀ pé kí òun dúró. Orúkọ ti di ìbéèrè, "ó wà" sì ti di àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ńdọ́ yìí kan náà bá ké orúkọ yìí kan náà nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ṣófo ní Mile 12, ìpè ni. Ẹni tí ó bá dá a lóhùn níbẹ̀ pé "ó wà o", ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín. Ìdákẹ́ pàápàá ń sọ̀rọ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ọkọ̀ yóò kọjá, ẹni tí ó sùn gbàgbé ara rẹ̀ kò sì lè bá kọ̀ńdọ́ jà.

Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ohun tí Paul Grice ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1975 kò jìnnà sí èyí: olùgbọ́ a máa fi ohun tí a kò wí kún ohun tí a wí, nítorí ó gbà pé olùsọ̀rọ̀ ń bá òun lò pẹ̀lú òótọ́ inú. Ẹni tí ó bá oúnjẹ kékeré níwájú rẹ̀ tí ó sì wí fún àlejò pé, "Ẹ wá jẹun," kò purọ́. Àlejò náà mọ̀ pé kí òun dáhùn pé, "Ó gba ibi ire." Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ni àṣà náà.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni ibi tí àṣà kò ti pa wọ́n pọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Ní oṣù kẹsàn-án 1854, ó bá wọn ṣe àdéhùn pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́. Ó ní ọmọ ogun àti ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn. Ẹni tí a ń bá dúnàádúrà ni. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861, ọ̀rọ̀ ti Dòsùnmú yàtọ̀. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú ọ̀sà nígbà tí ó fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ka ìwé náà gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn lásán, gbogbo ilẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ní Èkó, àwọn ìdílé olóyè Ìdẹ́jọ ni wọ́n ni ilẹ̀; ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, wọ́n dá a láre. Àwọn adájọ́ kìlọ̀ pé kí a má fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan wo ẹ̀tọ́ ìlú mìíràn, wọ́n sì ní ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn tí ó sọ ọ́ àti àṣà tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè takò wá pé bí ìtumọ̀ bá ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ gan-an, olúkúlùkù yóò máa gbọ́ ohun tí ó wù ú, àdéhùn kankan kò sì ní dúró. Àtakò náà lágbára, ṣùgbọ́n kò borí. Èrò inú ọkọ̀ kò lè fún igbe "Agric" ní ìtumọ̀ tí ó wù ú. Àṣà tí a jọ ń lò ni ó ni ìtumọ̀. Kì í ṣe ẹnu nìkan, kì í ṣe etí nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnìkejì yóò fi kún ọ̀rọ̀ òun, tí ó sì mọ̀ pé irọ́ ni yóò jẹ́. Ẹ wo ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ láàárín Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Oníbàárà bi í pé, "Ṣé ilẹ̀ yìí kò ní ẹjọ́?" Ó dáhùn pé, "Ẹnikẹ́ni kò pè mí lẹ́jọ́ rí." Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n pè. Gírámà kò lè mú un. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọlúàbí, ó sì ti fi ìwà ọmọlúàbí yẹn dẹ pàkúté fún un. Irọ́ ni ó pa, bí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Bí agbára tàbí ìmọ̀ ẹnìkan bá ju ti ẹnìkejì lọ, ẹrù àlàyé wúwo sí i lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìbọn lójú ọ̀sà kò lè sọ pé "wọ́n kà á fún un, ó sì fọwọ́ sí i," kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó gbé fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì síwájú ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé. "Mo gbà" tí ìyá náà sọ lè jẹ́ ìtẹríba lásán fún aláṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbà lóòótọ́, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó gbọ́.