Ta Ni Ó Ni Ìwé Inú Àpótí?

Obìnrin kan wá bá mi ní ilé olùkọ́ ìjọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Láti oko kan lẹ́yìn Ìfọ́n, ní apá Ọ̀sẹ́, ni ó ti wá. Gàrí ni ó ń tà. Ó mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ó sì gbé àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́ tí rìsíìtì kún inú rẹ̀. Gbogbo owó tí ó san fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan fún ọdún méjì ni ẹ̀rí wọn wà níbẹ̀. Kò sọ ọ̀kan ṣoṣo nù. Ọmọ náà ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ sí ibòmíràn láti máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ, wọ́n sọ fún un pé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ kò ní àṣẹ ìjọba ní ọdún tí ó wọlé, wọn kò sì lè fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ gbà á.

N kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò sí ní Ọ̀wọ̀, kò sì sí ní Ọ̀sẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ìyá àti ọmọ ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ohun kan péré: ọjọ́ wo ni àṣẹ ẹ̀kọ́ náà parí? Akọ̀wé tí wọ́n bá níbẹ̀ kò bínú, kò sì bú wọn. Ó ní, “Màmá, ìwé ọ́fíìsì ni. A kì í fi han ará ìta.” Obìnrin náà wò mí lójú, ó ní, “Olùkọ́, ta ni ará ìta? Ṣé èmi tí mo san owó ni?”

N kò lè dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó.

Àwa Yorùbá kò kórìíra àṣírí. A máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bò wá ní àṣírí, ẹni tí ó bá sì ti jẹ gbèsè rí mọ bí àdúrà náà ti dùn tó. Ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri ọjà, ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́ nípa pé a kì í bá a sọ nǹkan mọ́. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé bá ti àpótí, tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò, ó lè rò nínú ọkàn rẹ̀ pé ìwà ọmọlúwàbí ni òun ń hù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Bí ó bá jẹ́ pé olè ni akọ̀wé náà, ìdájọ́ ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n ènìyàn rere ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń pa nǹkan mọ́ bí a ti kọ́ wọn láti máa pa á mọ́.

Ǹjẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: àṣírí ta ni a ń bò? Àṣírí tí a ń gbàdúrà fún jẹ́ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Òun ni ìtìjú náà yóò bá, òun ni yóò sì jìyà bí a bá tú u. Àìsàn tí ó ń ṣe ọmọ kan, máàkì tí ó gbà, gbèsè tí bàbá rẹ̀ jẹ: ti ọmọ náà ni, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti tú u. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àṣẹ ẹ̀kọ́ kan parí, àṣírí ta ni? Kì í ṣe ti obìnrin náà, nítorí bíbò tí a bò ó gan-an ni ó fi jìyà. Kò sì lè jẹ́ ti akọ̀wé, nítorí kì í ṣe òun ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni yóò san owó rẹ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo sì mọ̀ ọ́n, mo rò pé a ṣi orúkọ pè bí a bá pè é ní àṣírí.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún un. Kò béèrè ni.” Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó purọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá ta iṣu fún ọ ní Ọ̀wọ̀, tí ó mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹrà, tí o gbé e dé ilé tí o sì là á, ṣé àwọn àgbà ọjà yóò dá a láre nítorí pé o kò béèrè? Wọn yóò ní kí ó dá owó padà. Dídákẹ́ nígbà tí ẹni tí ó dákẹ́ ń gba owó, ọ̀rọ̀ ni.

Ìjọba Nàìjíríà pàápàá ti sọ̀rọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira láti béèrè ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìlú. Kò tuntun ní ayé: ilẹ̀ Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní 1766, òfin ilẹ̀ Britain ti 2000, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, sì de àwọn yunifásítì wọn. Nínú ti wa, ẹni tí ó béèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dá a lóhùn, a sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Owó dída ìwé kọ nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọ́n bá fi àìtọ́ kọ̀, ìtanràn ₦500,000 ni; ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ kí a má baà rí i, ẹ̀wọ̀n ni, kò sì ní í dín ní ọdún kan. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tí kò mọ ìwé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún un, àti pé bí ó bá fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ náà ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe òfin yìí rántí ẹni tí ń ta gàrí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín òfin àti ìṣe. Fún ọdún púpọ̀ ni a ń jiyàn bóyá òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀. Ẹnì kan béèrè àbọ̀ àyẹ̀wò owó Ìpínlẹ̀ Ondo fún 2012 sí 2014, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àkúrẹ́, tí ó dá a ní oṣù kẹta 2018 pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ kan náà ní Benin sọ òdìkejì. Ẹ rántí pé ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Benin ni Ìfọ́n wà. Ará ibẹ̀ ìbá máa ṣe kàyéfì bóyá òfin náà ń tán lára òun díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń lọ sí gúúsù. Ní oṣù kẹrin 2025 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ parí ìjà náà: ó de gbogbo wọn. Nítorí náà, kò sí iyèméjì mọ́ nípa irú ilé-ẹ̀kọ́ bí Rufus Giwa Polytechnic tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1979, tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Achievers University, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan náà ní 2007, ti aládàáni ni. Òfin náà ní ẹgbẹ́ aládàáni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ìlú tàbí tí ó ń ná owó ìlú wà lábẹ́ òun. Bóyá yunifásítì aládàáni jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, kí àwọn agbẹjọ́rò jà á. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé-ẹ̀rí tí gbogbo ìlú yóò gbà, iṣẹ́ ìlú ni ó ń ṣe, ẹni yòówù kí ó ni ilẹ̀ náà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí mo sọ nǹkan wọ̀nyí fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí a bá ṣí àpótí fún gbogbo ayé, ìgbà wo ni a óò ṣiṣẹ́? Àti pé kí ni ará oko fẹ́ lóye nínú rẹ̀?” Apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òfin náà pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí jáde kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Bébà kan lára ògiri yóò dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn lóhùn. NBTE, tí a dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa bojú tó àwọn pólì, àti NUC tí ń bojú tó yunifásítì, ń tẹ orúkọ ẹ̀kọ́ tí ó ní àṣẹ jáde. Olùkọ́ tí ó bá ní fóònù lè wò ó pẹ̀lú ọmọ kí ọmọ tó san kọ́bọ̀. Apá kejì ni ó dùn mí. Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ti kú láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó mọ bí a ti ń ka ọdún wọn. Síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ kí olùtọ́jú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kan sọ pé kí ará Ọ̀wọ̀ má wò wọ́n nítorí pé kò lè lóye wọn. Ó ń tọ́jú wọn ni. Kì í ṣe òun ni ó ni wọ́n.

Òfin náà kò ní kí a ṣí ohun gbogbo. Ó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni tí ó wà nínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́, ó dáàbò bo ìbéèrè ìdánwò, ó sì dáàbò bo iṣẹ́ ìwádìí àwọn olùkọ́. Ní ibí yìí ni mo fẹ́ bá ara wa wí, àwa tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ní òpin sáà, ṣé a kì í dúró níwájú gbogbo ọmọ, kí a máa ka ipò láti ẹni kìíní dé ẹni tí ó gbẹ́yìn? Ṣé a kì í ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ilé-ẹ̀kọ́ sókè, tí ọmọ yóò fi sunkún délé? Ṣùgbọ́n bí òbí kan bá béèrè ohun tí a fi owó ìkọ́lé ṣe, ojú wa yóò le. Ohun tí ó yẹ kí a bò ni a ń ké, ohun tí ó yẹ kí a ké ni a ń bò. Èmi náà jẹ̀bi. Ọwọ́ mi ni ìwé ìrìbọmi ìjọ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ mọ ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún un, mo sì jẹ́ kí ó pààrà ọ̀dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ìdí kan. Ó kàn dùn mọ́ mi pé ọ̀dọ̀ mi ni ó ń wá.

Ìyẹn ni mo rántí nígbà tí mo jókòó láti kọ lẹ́tà fún ìyá náà. Mo kọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. A béèrè ọjọ́ tí àṣẹ ẹ̀kọ́ náà parí, a sì dárúkọ òfin náà àti ọdún rẹ̀; a kò béèrè ohun mìíràn. Ní ọjọ́ kọkànlá ni èsì dé, bébà kan, ìlà mẹ́rin. Ọmọ náà kà á sókè fún wa. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó tú àpò ọ̀rá náà sórí tábìlì mi, ó ní kí ọmọ wá rìsíìtì kìíní pàá jáde, a sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà náà. Ó ní kí n bá òun ka iye oṣù tí ó wà láàárín ọjọ́ tí àṣẹ parí àti ọjọ́ tí wọ́n gba owó òun. Mo kà á. Oṣù mẹ́jọ ni.