Tí A Bá Pààrọ̀ Gbogbo Irin Ara Ọkọ̀, Ṣé Ọkọ̀ Bàbá Náà Ṣì Ni?

Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá lónìí, torí náà mo kọ́kọ́ júbà Ògún, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun: alágbẹ̀dẹ, awakọ̀, mẹkáníìkì, wẹ́dà, títí dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń fi abẹ ṣiṣẹ́.

Ká ní ọkùnrin Yorùbá kan ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà, ní Saudi Arabia. Bàbá rẹ̀ ti gbé ìlú yẹn ṣáájú rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Datsun 240Z ni, ọkọ̀ sáré-sáré onílẹ̀kùn méjì tí àwọn ará Japan ṣe láti 1969 títí di 1973, onísílíńdà mẹ́fà, imú gígùn, ìdí kúkúrú. Ó ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ ìbòrí nínú ọgbà. Ọmọ fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe nílé, ní alẹ́ tí oòrùn bá ti wọ̀. Àbúrò rẹ̀ wá bi í lórí fóònù láti Ìbàdàn pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ tán, ọkọ̀ ta lẹ máa bá níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àwàdà o. Ẹ wo ohun tí ọkọ̀ náà ti rí. Etí Òkun Pupa ni Jẹ́dà wà. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin sì ń bá a rìn, irin ò sì lè fara dà á. Irú ọkọ̀ yìí gan-an, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ibi tó ti máa ń dógùn-ún: pẹpẹ abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, abẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, àti igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ pé Mẹ́kà ló wà, tó fi bí àádọ́rin kìlómítà jìnnà sókè ilẹ̀, ìpáàrà ì bá dínkù, ṣùgbọ́n oòrùn ì bá ti la pátákó iwájú awakọ̀ sí wẹ́wẹ́, kó sì sọ gbogbo rọ́bà ilẹ̀kùn di gbígbẹ bí ẹ̀ẹ́rún. Nítorí náà pẹpẹ ìsàlẹ̀ á kúrò. Rọ́bà á kúrò, páìpù epo á kúrò, páìpù búrẹ́èkì á kúrò, wáyà á kúrò. Kábúrétọ̀ méjèèjì, bóyá wọ́n á ṣeé fọ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ á di títún kùn. Kí ló wá kù?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Plutarch, ọmọ Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus tí àwọn ará Athens ń pa mọ́: bí pákó kan bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, títí àwọn amòye fi ń bá ara wọn jiyàn pé ṣé òun náà ni àbí òmíràn. Thomas Hobbes, ará Ẹ́ńgílándì, wá dá kún un ní 1655 pé: bí ẹnì kan bá ń kó àwọn ògbólógbòó pákó yẹn jọ, tó sì fi wọ́n kan ọkọ̀ mìíràn ńkọ́? Èwo ni ti Theseus nínú méjèèjì? Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọmọ awo kan lè yára dáhùn pé, "Orí ni kókó. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ni orí ọkọ̀. Bí nọ́ńbà bá wà, ọkọ̀ wà." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn olè ọkọ̀ ti fi hàn wá pé kò tó. Wọ́n á gé nọ́ńbà kúrò lára ọkọ̀ tó ti fọ́ yángá, wọ́n á jó o mọ́ ara ọkọ̀ tí wọ́n jí. Nọ́ńbà ń bẹ níbẹ̀, irọ́ gbáà sì ni. Orí tí a yàn ní ọ̀run kò ṣeé gé lọ́rùn ẹnì kan ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ẹlòmíràn. Torí náà, nọ́ńbà jẹ́ àmì, kì í ṣe orí.

Ẹ jẹ́ ká wo Mẹ́kà fúnra rẹ̀, níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ti gbé wa dé àdúgbò ibẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ ìlú yẹn, kí á sì bọ̀wọ̀ fún un bí àwa náà ti ní igbó tí ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ̀. Àti pé nínú agbo ilé púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Alhaji àti babaláwo jọ ń jẹun ni. Káábà tó wà níbẹ̀, iná jó o nígbà ogun ní 683, wọ́n tún un kọ́. Àgbàrá òjò wó o, wọ́n tún un kọ́ ní 1630, lábẹ́ Sultan Murad kẹrin. Wọ́n tún ṣe àtúnṣe ńlá sí i ní 1996. Ṣé ẹnikẹ́ni wá ń lọ sí Mẹ́kà kó máa sọ pé ilé mìíràn ni èyí? Rárá o. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi bò ó, ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkúta Dúdú tó wà ní igun rẹ̀, ó ti fọ́ tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ wọn ò wá òkúta mìíràn dípò rẹ̀. Fàdákà ni wọ́n fi di ẹ̀fọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ibi tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nìyẹn. Àwọn tó ń tọ́jú nǹkan yẹn mọ èyí tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì mọ èyí tí wọn ò ní pààrọ̀ bó tilẹ̀ fọ́.

Tiwa náà wà ní Òṣogbo. Ikán ti ń jẹ ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun nígbà tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria, bá àwọn olórìṣà dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ohun tí ojú ò rí rí. Àwọn kan sọ pé àtúnṣe kọ́ nìyẹn, nǹkan tuntun ni. Ní tèmi, mo gbà pé tuntun ni ère wọ̀nyẹn, mo sì gbà pé igbó náà ṣì ni igbó Ọ̀ṣun, torí odò ń ṣàn, Arugbá ń rù, ìbọ ò sì dáwọ́ dúró. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: *ìwà*. Inú "wà" ló ti jáde. A ń lò ó fún bí ènìyàn ṣe ń hùwà, a sì ń lò ó fún wíwà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹnu Yorùbá fi ń sọ méjèèjì. Bí mo bá ní kí n bi ọkọ̀ náà pé ṣé ó ṣì wà, mo ti ń bi í ní ìwà rẹ̀ nìyẹn: báwo ló ṣe ń rìn, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣé òótọ́ ni ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀? Ẹ wo Cuba, níbi tí àwọn ọmọ òrìṣà pọ̀ sí. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti sé ọjà mọ́ wọn ní 1962, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1959 ṣì ń kó èrò ní Havana. Ẹ́ńjìnnì dísù ló wà nínú òmíràn, gíá Rọ́ṣíà ló wà nínú òmíràn. Wọn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi onímọ́tò, á ka gbogbo rẹ̀ fún yín pẹ̀lú ìgbéraga: èyí látinú Lada, èyí bàbá mi ló rọ ọ́. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èyí tí wọ́n dán títí tí kò ní ìtàn mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Jẹ́dà. Ọmọ tú kápẹ́ẹ̀tì ká, ó bá ibi tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Iṣẹ́ náà ò dára. Ó rí ṣágiṣàgi, ó sì ti ń là. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ni. Kí ló yẹ kó ṣe?

Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Yọ ọ́. Orí pẹpẹ yẹn ni àga awakọ̀ ti dè mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yìí sì lè sá eré tó lé ní igba kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ bàbá gùn irin tó ti jẹrà, tó sì gbé e jáde sójú títì tí ọmọ ọlọ́mọ ń kọjá, kò bọ̀wọ̀ fún òkú, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ṣeré. Ìwọ ọmọ Ògún, o mọ ohun tí Ògún ń fi irin ṣe nígbà tí a ò bá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pátákó iwájú tí oòrùn là, èyí tí ìlà àtàǹpàkò bàbá ti dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìtanná, ta ni yóò pa? Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kì í ṣe gbogbo àpá ló yẹ ká fi fílà dí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á. Ọkọ̀ tí ohun gbogbo lára rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń gba owó ju èyí tí a pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀ lọ, nígbà míràn ní ìlọ́po. Àbúrò nílò owó, ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó yọ. Ṣé kó dákẹ́? Àwọn kan á ní oníbàárà ló yẹ kó béèrè. Ní kọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹni tó ń sin òrìṣà lè fi irin búra bí ẹlòmíràn ṣe ń fi Bíbélì tàbí Kùránì búra. Irin náà la fi ń jẹ́rìí. Ó wá yà mí lẹ́nu bí ọmọ Ògún ṣe lè dúró ti irin, kó fi ọwọ́ lé e, kó purọ́ nípa irin yẹn gan-an nítorí owó. Kó kọ gbogbo ohun tó pààrọ̀ sínú ìwé kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti ohun kọ̀ọ̀kan, kó fi í sínú ọkọ̀. Tí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀, kó já. Kó jọ̀ọ́, kó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ ṣáájú, torí ogún àwọn méjèèjì ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ó ku ògbólógbòó irin tí Hobbes fi ń dẹ́rù bà wá. Àwọn Gíríìkì ò ní Ògún ni ìbéèrè yẹn fi há wọn lọ́rùn. Lọ́dọ̀ wa, irin tó ti ṣiṣẹ́ tán ní ibi tó ń lọ. Nílé alágbẹ̀dẹ, ẹ̀gbẹ́ owú ló ń lọ. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó bá ń bọ Ògún, ìdí ojúbọ. Ní Cuba, inú ìkòkò irin Ògún ni wọ́n ń kó o sí. Ojúbọ Ògún kì í pààrọ̀, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ẹni tó wà ní Saudi Arabia ò lè gbé ojúbọ sí gbangba, òfin ibẹ̀ ò gbà á, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ dán an wò. Ṣùgbọ́n pẹpẹ tí bàbá jó, bí wọ́n bá gé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ. Ó lè wọ inú àpótí ẹni tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi. Àbúrò ní Ìbàdàn lè gbà á, kó gbé e lọ síbi tí Ògún ilé wọn jókòó sí, kó ta epo sí i.