Ta Ni Ọkùnrin Kẹta Láti Apá Ọ̀tún?

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a ti fi í kọ́ àròkọ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n bi yín léèrè: ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló di ìjánu tirẹ̀ mú? Ṣé ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i ló ni ín ni?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì ni mo fẹ́ sọ o. Ọ̀rọ̀ ilé wa ní Ketu ni.

Ojú irin kò gba Ketu kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí rélùwéè, Òṣòdì tàbí Ìkẹjà ló máa lọ. Tòmátò àti àlùbọ́sà tí à ń rà ní Mile 12, trélà ló ń kó wọn wá láti òkè Ọya. Síbẹ̀, rélùwéè wà nínú ilé wa, nítorí pé Bàbá àgbà tó bí ìyá mi ṣiṣẹ́ ní Lóko, ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Fáyàmàn ni. Òun ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Fọ́tò rẹ̀ mẹ́ta péré ló wà nílé, inú álíbọ́ọ̀mù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Ní 2010, omi ya wọlé. Nígbà tí omi fi máa fà, àwọn fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ra, ojú wọn sì ti ṣí. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ìyá àgbà fi sá álíbọ́ọ̀mù yẹn sóòrùn, bí ẹni sá èlùbọ́.

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn bá mi tẹ àwòrán kan jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì dúdú ńlá kan ni, ọkùnrin mẹ́jọ sì tò síwájú rẹ̀. Mo mú un lọ sílé kí Ìyá àgbà lè rí irú nǹkan tí ọkọ rẹ̀ bá ṣiṣẹ́. Màmá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá fi ìka tẹ ọkùnrin kẹta láti apá ọ̀tún.

"Bàbá yín nìyí. Wo bí wọ́n ṣe dúró. Èjìká wọn kan máa ń wọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ. Ṣé o rí i?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ wọn. Wọ́n ní kí n lọ sọ àwòrán náà di ńlá, kí n fi sínú férémù, kí n sì kọ orúkọ Bàbá gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán dáadáa. Irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, àti ọdún: 1949. Àyà mi já. Ìyá àgbà fúnra wọn ló máa ń sọ pé ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ni Bàbá wọ iṣẹ́ rélùwéè. 1956 nìyẹn. Ní 1949, ọmọ kékeré ni Bàbá, oko kòkó bàbá wọn ni wọ́n wà.

Kí ni kí n ṣe?

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Màmá ti dàgbà. Ta ló fẹ́ wá bèèrè?" Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Ó wọ̀ mí létí gan-an. Irọ́ tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó sì máa mú inú arúgbó dùn, ṣé irọ́ náà ni? Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ń ro ó.

Ohun tó dá mi dúró ni ẹ́ńjìnnì yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Jẹ́bà ní 1909 àti Kánò ní 1912, ni wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀: ẹ́ńjìnnì, afárá, ibùdókọ̀, ṣẹ́ẹ̀dì. Ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, ní irú wọn. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tó ń dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1948, orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa ni wọ́n sọ wọ́n. Irin gba orúkọ, ó tún gba nọ́ńbà. Àwọn tó ń da èédú sí i lẹ́nu kò gba nǹkan kan. Lójú tèmi, ńṣe ni wọ́n ní kí wọ́n dúró síbẹ̀ kí a lè mọ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe tóbi tó.

Ìwà àìdáa nìyẹn, àbí kí lẹ rí sí i? Ṣùgbọ́n bí èmi náà bá kọ orúkọ ẹlòmíràn sábẹ́ ọkùnrin yẹn, ṣé mo tún un ṣe ni? Ẹni tó ya àwòrán náà fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo ṣì lè rí ẹni tó máa dí i. Ní 2011, nígbà tí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ nǹkan nípa wọn wá sọ ọ́. Orúkọ èké ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Bí ọmọ ọmọ ọkùnrin náà bá dé lọ́la láti Ọ̀fà tàbí Kafanchan, orúkọ bàbá mi ló máa bá níbẹ̀, á sì yí padà sílé.

Ó tún ku ọ̀kan. Gbogbo wa la gbọ́ orúkọ Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba amúnisìn mú ní 1943, tí wọn kò tú sílẹ̀ títí di 1945. Lọ́dún 1945 náà ni ìyanṣẹ́lódì ńlá yẹn wáyé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin kẹta yìí wà lára wọn, kí ebi ìjàkadì yẹn ti pa òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ di Bàbá àgbà, mo ti gba ìyà yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba iyì rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo padà sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Wọn kò dáhùn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọdún Ọbabìnrin. Òótọ́ ni, wọn ò tíì wọṣẹ́." Wọ́n tún ṣa díẹ̀. "Ta wá ni?"

Mo ní mi ò mọ̀, mà.

"Gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò ni. Títí àwọn tó ni ín á fi wá bèèrè ẹ̀."

Màmá ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé òótọ́ tí mo sọ dùn lẹ́nu mi. Ó dà bí ẹni pé omi tún ya wọlé lẹ́ẹ̀kejì, tó sì jẹ́ èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, 1949. A kò mọ orúkọ wọn. Ẹ bá wa wá a." Mo sì ra ìwé kan. Bí mo bá ti délé, Ìyá àgbà á máa sọ, èmi á máa kọ: èjìká tó wọ́lẹ̀, bí èédú ṣe máa ń wà létí Bàbá lẹ́yìn ìwẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ bí ọbẹ̀ bá dùn. Ọ̀kan lójú kò lórúkọ, èkejì lórúkọ kò lójú. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé pálọ̀ wa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ gbé àwòrán àtijọ́ ilé yín sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè pé ta nìyí, ta nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n tó dákẹ́. Èyí tí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.