Ta Ló Ni Àáké?

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Bàbá a máa pa á fún ọmọ tí iṣẹ́ tó ń kọ́ ti sú. Àwọn àgbà ẹbí a máa pa á fún ọkọ ìyàwó tí ìnáwó ń ká lára. Ìyànjú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí: bí ohun tí a ń lé bá níyì, kí a má ro wàhálà rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìṣirò wà nínú òwe náà tí a kì í sábà dúró ṣe. Minna ní ìpínlẹ̀ Niger ló gbé mi dé ìdí ìṣirò yẹn, nítorí pé níbẹ̀, inú àpáta gan-an ni ohun tí gbogbo ilé ń wá wà.

Orí àpáta líle àtayébáyé ni Minna jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sí káàkiri níbẹ̀. Inú erùpẹ̀ tí àpáta jẹrà dà ló ń gbé, àti ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga dẹ̀rọ ilé kan fi ń tú omi yàà, tí ti aládùúgbò á gbẹ, tó sì jẹ́ pé owó kan náà ni àwọn méjèèjì ná. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí kànga àdúgbò Kpakungu àti Maitumbi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ọwọ́ méruwá tó ń ti kẹ́ẹ̀gì lórí ọmọlanke ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń wò.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò jìnnà. Láti ọdún 1983 ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Minna, tí wọ́n ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti àpáta. Ká ní irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ wá tọrọ àyè láti fi oṣù mélòó kan wádìí omi abẹ́ ilẹ̀ ní etí odò Chanchaga, níbi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tí ọmọdé ti ń ṣeré, tí àgbà ti ń gba atẹ́gùn, ṣé ká fún wọn?

Kí ló dé tó fi jẹ́ etí odò? Odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu ni. Nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, omi tó ṣì ń ṣàn nínú ọ̀pọ̀ odò wa, láti abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń sun wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kànga dẹ̀rọ tí ìlú lè gbẹ́ kí odò tó bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà rẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni yóò ti wọ̀n ọ́n. Ó tún nílò ilẹ̀ gbalasa tó gùn, nítorí pé irin mẹ́rin ni wọ́n ń gún sílẹ̀ lórí ìlà kan: wọ́n á fi iná mànàmáná gba inú méjì tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n á fi méjì tó wà láàárín wo bí ilẹ̀ ṣe gbà á. Bí wọ́n bá ṣe ń sún méjì ìpẹ̀kun jìnnà síra ni iná náà ń wọlẹ̀ sí i. Àpáta gbígbẹ a máa kọ iná. Ibi tó ní omi a máa gbà á. Amọ̀ náà a máa gbà á, ìdí tí ojú tó mọ̀ ọ́n kà fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láti máa wo bí omi ṣe ń ga, bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe. Ẹni tó gbé àáké ti àpáta ti rí oyin tó ń wọlé tó ń jáde kó tó ṣá a. Iṣẹ́ irin mẹ́rin yẹn ni wíwo ibi tí oyin ń gbà wọlé. Ìlú tó bá kọ̀ ọ́, tó sì ń gbẹ́ kànga kiri, àáké lásán ló ń fi ṣá òkúta. Ẹ tún wò ó pé ẹnu àáké ni òwe dárúkọ. Ẹnu tó kú, alágbẹ̀dẹ á pọ́n ọn. Ìpalára tó ṣeé tún ṣe nìkan ni àgbà fọwọ́ sí, ó sì yẹ kí etí odò lè padà bó ṣe wà.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí jù lọ rèé: nínú òwe yìí, ẹni tó ni àáké náà ni yóò jẹ oyin. Ohun tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti má wo ẹnu àáké nìyẹn. Bí èmi bá yá àáké rẹ, tí mo ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, tí mo sì dá oyin jẹ, n kò lè fi òwe yìí gbèjà ara mi.

Lọ́dún 2015, ní abúlé Shikira ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ìpínlẹ̀ Niger kan náà, àwọn kan ń wa wúrà láìgbàṣẹ. Òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ ba àyíká jẹ́, ó sì pa ọmọdé 28. Wúrà kúrò lábúlé, òjé dúró. N kò fi ìwádìí omi wé ìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló yẹ ká bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wa: ta ló ni àáké, ta ni yóò sì jẹ oyin?

Nítòsí Glasgow, ọgbà ìgbafẹ́ kan wà létí odò Clyde, Cuningar Loop. Ihò ìwakùsà èédú àtijọ́ tí omi ti kún wà lábẹ́ rẹ̀. Àjọ British Geological Survey gbẹ́ kànga ìwádìí síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ooru inú omi náà lè mú ilé gbóná, wọ́n sì ń gbé ohun tí wọ́n rí síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń rìn nínú ọgbà náà lè kà á. Oyin ti dé ọwọ́ alááké.

Èmi á ní kí Minna fún àwọn onímọ̀ náà láyè. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní fádámà etí odò náà sọ̀rọ̀, àti àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀, kí wọ́n sì san owó ọjà tí wọn kò ní lè tà. Àṣẹ ìjọba nìkan kò tó. Kí ọjọ́ tí wọn yóò kúrò wà lórí pátákó, kí owó tí wọn yóò fi dí ihò sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ èkíní, nítorí ihò tí a kò fi sìmẹ́ǹtì dí dáadáa ni ìdọ̀tí ń gbà lọ bá omi tí gbogbo wa ń mu. Èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ parí sínú ìwé oyè ẹnì kan. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Haúsá, ní Gbagyi, ní Tápà àti ní Yorùbá, kí opó tó ń tu owó jọ láti gbẹ́ kànga ní àdúgbò Tunga lè mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fi irin mẹ́rin wo àgbàlá rẹ̀ kó tó pe àwọn agbẹ́kànga.